Ẹni Tí A Ti Jẹ Sààráà Rẹ̀

Ọ̀sán gangan ni Mùríìdì wọlé, nínú ọyẹ́, ní ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣe sààráà ogójì ọjọ́ ikú rẹ̀.

Àwọn ìkòkò ńlá tí wọ́n yá láti fi se ìrẹsì ṣì wà lójú agboolé, àwọn obìnrin ń fi eérú ha ìdí wọn, ajá kan sì dùbúlẹ̀ síbi ògiri, ó ń họ egungun àgbò. Zẹ́mì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn alùpùpù náà, ó gbọn eruku pupa kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. Ká sọ òtítọ́, ṣòkòtò ló wọ ọkùnrin náà, kì í ṣe òun ló wọ ṣòkòtò. Ó wo ìkòkò, ó wo àwọn obìnrin, ó wo orí ẹní tí Ràúfátù ìyàwó rẹ̀ jókòó sí nínú aṣọ opó.

Ó ní, "Ta ló kú?"

Ẹnikẹ́ni kò pariwo. Èyí tó ń fọ ìkòkò tó tóbi jù lọ rọra dojú ìkòkò náà dé, ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ láìwẹ̀yìn. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun gbé nǹkan ka iná. Ó wá ku Ràúfátù lórí ẹní, àti Ìyá Sìdíkátù, ìyá tó bí Mùríìdì, tó dúró nínú ìloro, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì di orí ara rẹ̀ mú.

"Gbogbo yín nìyí," ni Mùríìdì wí, inú ń bí i. "Gbogbo yín ń bẹ nílé, ẹ ń jẹ ìrẹsì. Ẹnì kan ò sì lè wá wò mí ní Kútọnu."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ní Igolo, lẹ́nubodè, ni Mùríìdì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń pààrọ̀ náírà sí sẹ́fà fún àwọn tó ń ti Idiroko bọ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé àwọn oníbàárà máa ń wá gbọ́ ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ lásán. Nígbà tí òjò ń parí lọ, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú láàárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú lálẹ́. Dókítà kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kíndìnrín rẹ̀ ló ń kú lọ, kó dín ẹran, ẹja àti ẹyin kù gidigidi, kí ìdọ̀tí má baà kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ náà, ó ṣubú láàárín ọjà, wọ́n sì gbé e dé Kútọnu láìmọ̀ bóyá ó máa yè.

Àdìsá, àbúrò bàbá rẹ̀, ló lọ wò ó. Nígbà tó dé yàrá tí wọ́n júwe fún un, òkú kan ló bá lórí bẹ́ẹ̀dì Mùríìdì, tí wọ́n ti fi aṣọ funfun dì láti orí dé ẹsẹ̀. Àdìsá kò ṣí ojú rẹ̀. Nínú agboolé wọn, àgbà kì í wo ojú òkú ọmọ. Wọ́n ní bí àgbà bá wo òkú ọmọ, òkú ọmọ á wo àgbà padà. Ẹkún ló kọ́kọ́ sun, ó sì wá àwọn Mùsùlùmí àdúgbò bíi mélòó kan, wọ́n kírun sí òkú náà lára, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Ní àkókò yẹn gan-an, Mùríìdì wà ní ilé kejì nínú ọgbà kan náà, níbi tí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Orúkọ ẹlòmíràn náà, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Ifangni, ìlú wọn, títí di òní.

"Ṣé kí n ṣí ojú ni?" Àdìsá ń bi gbogbo ẹni tó bá bá pàdé. "Ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ máa ṣí i?"

"O sin ẹnì kan," ni Ìyá Sìdíkátù wí.

"Mo sin ín, Ìyá Mùríìdì."

"Lórúkọ ọmọ mi."



Lálẹ́ ọjọ́ tí Mùríìdì wọlé ni ìyá gbé òfin kalẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un, ó ti pẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tó kọ́ bí a ṣe ń kírun. Ẹni tí a bá ti jẹ sààráà rẹ̀, tó sì padà wálé, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ohunkóhun tó lẹ́jẹ̀ títí ọyẹ́ mìíràn á fi dé. Ẹran kò sí, ẹja kò sí, adìẹ kò sí. Ẹyin náà kò sí, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń sùn ni ẹyin. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bá a fọwọ́ bọ àwo kan náà.

"Ikú ti gba oúnjẹ lórúkọ rẹ̀," ni ìyá ṣàlàyé. "Ó ti yó, ó ti lọ. Bí ó bá tún gbọ́ òórùn ẹran lẹ́nu ọmọ yìí, á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní: àbí kì í ṣe ẹni tí mo jẹ àgbò rẹ̀ nìyí?"

Wọ́n pe Álífà. Álífà ní kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ nínú kitábù. Ìyá ní òótọ́ ni, kitábù bá òfin náà nílé ni.

Mùríìdì fúnra rẹ̀ kò jiyàn. "Ẹ fi ìyá mi sílẹ̀. Dókítà àkọ́kọ́ pàápàá ní kí n dín ẹran kù." Báyìí ni ó fi bẹ̀rẹ̀ sí jẹ àkàsà lówùúrọ̀, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ tí kò lẹ́ja lálẹ́, nínú àwo tirẹ̀, lórí àpótí tirẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Ifangni nínú ọyẹ́ á rántí bí ọ̀sán rẹ̀ ṣe máa ń rí. Kùrukùru á bo orí àwọn ọ̀pẹ, oòrùn á funfun bí ojú ẹja, ohùn àwọn tó ń ti oko Tchaada bọ̀ á sì ti dé etí ẹni kí ojú tó rí ẹsẹ̀ wọn lójú ọ̀nà. Irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni Ràúfátù fi ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀.

Kì í tọ̀. Kíndìnrín rẹ̀ ti kú, Ràúfátù mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Síbẹ̀, kí èèyàn máa gbé pẹ̀lú ọkùnrin tí kì í dìde lọ sẹ́yìn ilé, kì í ṣe ohun tí ọkàn ń tètè gbà. Omi tó ń mu lóòjọ́ kò ju ti adìẹ lọ. Ara rẹ̀ tutù. Ohun funfun kan máa ń bo awọ rẹ̀ bí ẹni tó sùn nínú ẹfun. Ní apá òsì rẹ̀, níbi tí àwọn dókítà ti so iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ kí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ lè rí ọ̀nà wọlé, nǹkan kan wà lábẹ́ awọ tó ń kùn láìdákẹ́. Rachidatou, ọmọ wọn obìnrin, gbé etí lé e lọ́jọ́ kan.

"Bàbá, oyin wà nínú apá yín."

"Ẹ̀n. Mo ń sìn wọ́n ni. Tí wọ́n bá ṣe oyin, màá fún ẹ."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, kò gbé etí síbẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe apá ló ń dẹ́rù ba Ràúfátù jù. Ẹ̀fọn ni. Ẹ̀fọn ń jẹ gbogbo wọn nínú ilé náà, ara gbogbo wọn sì ń wú kókó kókó láàárọ̀. Ràúfátù rí ẹ̀fọn lára Mùríìdì, ó rí i tó mu ẹ̀jẹ̀ yó, tó fò lọ. Awọ ọkọ rẹ̀ tẹ́jú, kò wú rárá. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé irin gbígbóná ara zẹ́mì jó o lójúgun. Ọgbẹ́ náà là bí ẹnu. Kò wú, kò pọ́n, kò ṣe ọyún, kò rùn, kò sì san. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ọgbẹ́ náà ń wò wọ́n bíi pé ìṣẹ́jú yìí ni ó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ gé ara òpó, bó ṣe máa rí nìyẹn.

"Ṣé kì í dùn yín?" ló bi í.

"Ó yẹ kó dùn mí," ni Mùríìdì wí, ó ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Ní Igolo, ó gbìyànjú láti padà sídìí iṣẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí i dáadáa, wọ́n fún un ní àga, wọ́n sì sún àga tiwọn díẹ̀. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ jù ú sílẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ iyanrìn, kó tó mú un. Hàsíátù, ọ̀rẹ́ Ràúfátù, tó ń ta epo pẹtiróòlù nínú ìgò lẹ́bàá títì, ló sọ ohun tí àwọn yòókù ń gbé mì.

"Ìyá Rachidatou, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ sọ."

"Tí o ò bá fẹ́ sọ ọ́, kí ló dé tí o fi ń fà á jáde?"

"Nítorí pé ọ̀rẹ́ mi ni ẹ́. Ìyá mi àgbà rí àkúdàáyà rí, ní Sákété. Ọkùnrin tó ti kú lókè ọ̀hún, tó wá fẹ́ ìyàwó níbí, ó bímọ, ó ń ṣòwò. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: má bi í. Ọjọ́ tí o bá bi í bóyá ó ti kú, ọjọ́ náà ló máa rántí. Wàá kàn rí aṣọ rẹ̀ nílẹ̀."

"Hàsíátù, ọkọ mi ń ṣàìsàn ni."

"Ta ló bá ọ jiyàn? Mo kàn ní má bi í."

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fọ ẹ̀jẹ̀ Mùríìdì, Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ, nínú takisí tó ń kó èrò. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin ọmọ Sákété, Élodie lorúkọ rẹ̀, èdè Nàgó rẹ̀ sì kún fún Faransé bí ẹ̀wà ṣe ń kún fún òkúta. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ kékeré kan lábẹ́ awọ apá ọ̀tún, ó ní ìdánwò ni, ojú ibẹ̀ yẹ kó wú kó tó ìgbà tí wọ́n máa padà wá. Nígbà tí wọ́n padà wá, ó fi ìka wá ojú abẹ́rẹ́ náà títí. Kò rí i.

"Voilà," ló wí, kò rẹ́rìn-ín. "Mo kan ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó bèèrè pé ta ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ràúfátù lára bí omi tútù. Ó gbọ́ bí ohùn ara rẹ̀ ṣe bèèrè pé, "Ṣé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé ni, Dókítà?"

Élodie kọjú sí i. "Wọ́n wà nínú ilé, madame. Ebi ló ń pa wọ́n."

Ó fa àga mọ́ra, ó jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ Mùríìdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nínú ọ̀pá ike kan, ó ń padà nínú èkejì.

"Ẹran, ẹja, ẹyin, bí a bá jẹ wọ́n, inú wa máa ń tú wọn sí wẹ́wẹ́, títí wọ́n á fi di horo tó kéré ju ohun tí ojú lè rí. Acides aminés la ń pè wọ́n. Horo yẹn ni ara fi ń mọ ara, bí ẹ ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù mọlé. Bon. Àwọn ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, funfun ni wọ́n, àwọn ló ń bá àìsàn jà. Horo yẹn ni wọ́n ń jẹ, òun ni wọ́n fi ń rọ ohun ìjà, òun ni wọ́n fi ń bí sí i. Ìdọ̀tí tí kíndìnrín ò kó mọ́ ti jẹ́ kí wọ́n máa tòògbé tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ yìí wá ń kó ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀, ó ń kó lára horo náà lọ pẹ̀lú omi. Ẹni tó bá wà lórí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jẹun dí i. Kí lẹ ń jẹ, monsieur?"

"Àkàsà," ni Mùríìdì wí.

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Pẹ̀lú sùúrù."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹran?"

"Dókítà bíi tiyín ni."

"Kẹ́ ẹ tó dé orí ẹ̀rọ, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Kí n tó dé orí ẹ̀rọ."

"Ṣé ẹ rí i? Òfin ìgbà yẹn nìyẹn. Nígbà yẹn kò sí ẹni tó ń bá yín gbálẹ̀. Ní báyìí, agbálẹ̀ ti dé, òfin sì ti yí padà. Àwọn ọmọ ogun yín dà bí àwọn douanier tó dúró sẹ́nubodè láìjẹun. Ojú wọn là, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo ẹrù ló ń kọjá."

"Douanier tí ebi ń pa?" ni Mùríìdì wí. "Mi ò tíì rí irú rẹ̀ ní Igolo rí."

Ìgbà yìí ni Élodie rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tún tẹ̀ sórí ọgbẹ́ ojúgun náà, ẹ̀rín sì tán lójú rẹ̀. Ó ní ọgbẹ́ tó ń pariwo kì í ba òun lẹ́rù, èyí tó dákẹ́ ni. Ó gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ó pe Ràúfátù sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kòkòrò ti gba ojú ọgbẹ́ náà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Olè ti wọlé, ó ti jókòó sí pálọ̀, ará ilé kankan kò sì ké. Kò sí ibà, kò sí òtútù, kò sí nǹkan kan.

"Mo ti ń fún un ní oògùn gba inú ẹ̀rọ. Oògùn á ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn nìkan kì í parí ogun. Bí àwọn èèyàn tirẹ̀ kò bá jí, mi ò ní tàn yín, madame, ó lè má bá wa parí ọyẹ́ yìí. Ẹ fún un lẹ́yin. Ẹ fún un lẹ́ja. Lójoojúmọ́. Bí ibà bá sì mú un lọ́jọ́ kan, ẹ má sunkún, ẹ má sì jókòó. Ẹ gbé e wá fún mi kíákíá, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n jí."

Ràúfátù kó ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú Ìyá Sìdíkátù, ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ìyá gbọ́ ọ dé òpin. Kì í ṣe òmùgọ̀ obìnrin.

"Mo gbà pé ebi ń pa wọ́n," ló wí. "Ṣùgbọ́n èwo ló yá? Kí ebi máa pa ọmọ ogun, àbí kí ikú mọ ilé wa?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń kú lọ lójú wa."

"Ó ti kú lójú gbogbo ayé, ìyàwó. Ìdí nìyẹn tó fi wà láàyè. Wọ́n ti sin ín. Má jẹ́ kí wọ́n wá wò ó bóyá wọ́n sin ín dáadáa."

Ràúfátù dìde. Kò mọ ìgbà tó dé ìdí igi máńgòrò, níbi tí Mùríìdì jókòó sí lórí àpótí rẹ̀, tí àwo àkàsà rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí eṣinṣin kan sì ń rìn lórí ọgbẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó lé e. Kò sí ẹlòmíràn lójú agboolé. Ọ̀sán dákẹ́ bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ di etí. Apá rẹ̀ ń kùn. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ronú pé: bí mo bá fún un lẹ́ran, tí ó sì jẹ́ pé òkú ni, òkú ni mo ń bọ́. Bí mi ò bá fún un, tí ó sì jẹ́ pé alààyè ni, èmi ni mo pa á. Ó rántí ìkìlọ̀ Hàsíátù. Ẹnu rẹ̀ là láìgbàṣẹ.

"Bàbá Rachidatou. Ṣé ẹ ti kú?"

Ó dúró kí aṣọ náà já sílẹ̀.

Mùríìdì gbójú sókè. Kò bínú. Ẹ̀fẹ̀ kan kò sí nínú ohùn rẹ̀.

"Mi ò mọ̀, Ràúfátù."

"Kí lẹ sọ yẹn?"

"Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ so mí mọ́ ẹ̀rọ, fèrèsé wà lókè orí mi. Mo gbọ́ ohùn Àdìsá níta. Mo gbọ́ ọ kedere bí mo ṣe ń gbọ́ tìẹ yìí. Ó ń sunkún, ó ń ní kí Ọlọ́run forí jin Mùríìdì ọmọ Sìdíkátù. Mo fẹ́ dáhùn. Mo ní, 'Bàbá, èmi nìyí.' Ẹnu mi kò ṣí. Wọ́n gbé ẹni náà kọjá, mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, ó ń lọ, ó ń jìnnà. Ohun kan sì tú lára mi, ó tẹ̀ lé wọn. Mo pè é lálàá títí mo fi délé." Ó fi ọwọ́ lé ọgbẹ́ náà, eṣinṣin fò. "Láti ìgbà yẹn ni nǹkan kì í ti í dùn mí. Mo máa ń rò ó pé bóyá èyí tó yẹ kí wọ́n gbé náà ni wọ́n gbé. Ìwọ ni kó o bá mi wò ó. Ojú tèmi kò tó ibẹ̀ mọ́."

Ràúfátù wò ó. Ó wo awọ tó tẹ́jú, ó wo ẹfun ara rẹ̀, ó wo ètè tó ti gbẹ. Kò rí ohun tó lè fi dá a mọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí èkejì. Ó wá rí i pé kò sí ẹni tó máa bá òun rí i, àti pé ẹni tó bá ń dúró kó rí i kó tó gbé oúnjẹ fún èèyàn lè dúró títí ilẹ̀ á fi mú un.

Ó wọ ilé ìdáná. Ó fọ́ ẹyin sínú epo gbígbóná, ó fi ata àti àlùbọ́sà sí i, ó din ẹja tútù tó rà lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́. Òórùn náà jáde, ó gba gbogbo agboolé kọjá, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé àwo kan ṣoṣo jáde. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, lójú gbogbo wọn, lójú Àdìsá, lójú ìyá, ó fọwọ́ bọ àwo náà ṣáájú rẹ̀, ó bu ẹja, ó jẹ. Ó wá bu ti Mùríìdì, ó fi sí i lẹ́nu.

"Ẹ jẹ ẹ́," ló wí. "Bí ẹnikẹ́ni bá wá bèèrè, kó bi mí."

Ìyá Sìdíkátù kò pariwo, kò sì gégùn-ún. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó gba àárín wọn kọjá lọ sẹ́nu ọ̀nà agboolé, ó jókòó, ó kọjú sí ojú títì. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọ̀sán ni ó ń wà níbẹ̀, láti ìgbà tí òjìji bá ti kúrú títí yóò fi gùn. Àwọn tó ń kọjá lọ sí Igolo máa ń kí i. Nígbà mìíràn, wọ́n á gbọ́ tó ń dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni wọn kò bi í.

"Rárá o. Kò sí níbí. Ẹ ti ń pẹ́ jù, ẹ máa lọ."

Ràúfátù ń se ẹyin. Ó ń se ẹja. Nígbà tí owó bá wà, adìẹ. Ó ń bá a jẹ nínú àwo kan, ó sì ń ṣọ́ ojú awọ rẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣọ́ ojú ebè. Kò sí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kọjá, kò sí nǹkan kan. Mùríìdì tún gbẹ sí i, oorun rẹ̀ pọ̀ sí i, Àdìsá sì bẹ̀rẹ̀ sí yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń yí ojú kúrò lára ohun tí a ti dì. Élodie ń fi oògùn ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ó ń ní kí wọ́n ní sùúrù, ẹni tí ebi ti pa pẹ́ kì í dìde lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jẹun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, tí àwọn ọkùnrin ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó gbọ́ ìró eyín. Ó rò pé eku ló ń họ nǹkan. Nígbà tó dé yàrá, Mùríìdì ló bá lórí ẹní, tó ká jọ, tó ń gbọ̀n, tí eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó fi ọwọ́ kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ fò kúrò fúnra rẹ̀. Ó ń jó bí ògiri ilé ìdáná. Ó ṣí ẹsẹ̀ rẹ̀ wò: ojúgun náà ti wú, ó pọ́n, ó ń dán, ọyún sì ń yọ létí ọgbẹ́ náà.

"Má fọwọ́ kàn án!" ni Mùríìdì ké, ohùn rẹ̀ gba inú ilé kan. "O fẹ́ pa mí ni? Ó ń dùn mí! Yéè, ó ń dùn mí, ìyá mi o!"

Ràúfátù jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, kò mọ èyí tó ń ṣe. Ó wá rántí pé wọ́n ní kó má jókòó.

Nínú takisí tó gbé wọn lọ sí Àjàṣẹ́, Mùríìdì ń bú awakọ̀ ní gbogbo kòtò. Ó bú u, ó bú bàbá rẹ̀, ó bú ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún un. Ìyá kan tó jókòó níwájú wẹ̀yìn.

"Kí ló ń ṣe é tó fi ń kígbe báyìí?"

"Ọkọ mi ni," ni Ràúfátù wí, ó di ara gbígbóná náà mú mọ́ra, bí ẹni tó ń sọ fún aráyé pé òun bímọ. "Ibà ń ṣe é."

Ó pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n la ẹsẹ̀ náà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n pààrọ̀ oògùn, àwọn òru kan sì wà tí Élodie fúnra rẹ̀ kò lọ sílé. Ṣùgbọ́n ìjà ni, ìjà sì ní ẹni méjì nínú. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ó ti padà sí Ifangni pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀, pẹ̀lú àpá ńlá kan lójúgun. Ẹ̀rọ ni yóò máa gbé e ró títí, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ ẹyin débi tó fi bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé òun á kọ bí àkùkọ.

Ìyá rẹ̀ wá wò ó, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó tún gbé àpótí rẹ̀, ó padà sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ sinmi wàyí," ni Ràúfátù bẹ̀ ẹ́. "Ó ti yá."

"Nítorí pé ó ti yá ni."

Ní ọjọ́ kan, ní ọ̀sán gangan, tí oòrùn mú, tí ẹnì kankan kò sí lójú títì láti ibí títí dé ibi tí ọ̀nà ti yà, Ràúfátù bu omi sínú kọ́ọ̀bù, ó gbé e lọ fún un. Ó kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀. Ó rí i tí Ìyá Sìdíkátù gbójú sókè sí ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀, tó mi orí bí ẹni pé ó ti sú u, tó sì rọra sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àpótí náà, tó fi àyè sílẹ̀.

 Ràúfátù yí padà wọ ilé pẹ̀lú omi lọ́wọ́, ó sì lọ bu kọ́ọ̀bù kejì wá.